Omi Ìkẹyìn Lórí Gíláàsì

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aṣọ kan, kó má bi ẹni tó wọ̀ ọ́, kó wá bi mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń fọṣọ nílé ìfọṣọ ọsibítù wa, èmi sì ni ọ̀gá ibẹ̀ báyìí. Mo mọ àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ sí ti tíì, mo mọ ti wàrà yàtọ̀ sí ti oògùn ikọ́. Dókítà kan sọ fún mi nígbà kan pé òun kò ta nǹkan kan sí aṣọ funfun òun, pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà látilẹ̀. Mo na aṣọ náà sí ìmọ́lẹ̀, mo ní ọsàn ló jẹ, pé ọwọ́ òsì ló fi mú un, àti pé ó ń sáré nígbà tó ń jẹ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àbàwọ́n kì í parọ́. Omi á gbẹ, á lọ, ṣùgbọ́n ohun tó gbé wá kò ní bá a lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi tọ́ ọmọ mi obìnrin dàgbà, nítorí abẹ́ tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù, tèmi jókòó ti ibi tí omi kán sí lára aṣọ, ó ń dúró kó gbẹ. Ìdí nìyí tí mo fi sọ ọ́ ní Atọpinpin. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé àwọn ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ gan-an ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Ó kàwé, ó kàwé, ó sì padà wá di ẹni tó ń yẹ oògùn wò nínú ilé oògùn ọsibítù wa. Àgbàlá tí mo ń sá aṣọ sí nìkan ló wà láàárín wa. Bí àlejò bá bi mí pé ọ̀nà ilé oògùn dà, mo máa ń dáhùn pé, "Ẹ lọ tààrà, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, ọmọ mi wà níbẹ̀." Wọn ò bi mí ní ti ọmọ, mo mọ̀. Mò ń gbéraga, mi ò ní fi bò fún yín.

Mo sì ní ohun tí mo fi ń gbéraga fún ara tèmi náà. Ìwé ẹ̀rí kan wà lára ògiri ilé ìfọṣọ, nínú férémù aláwọ̀ wúrà. Dókítà Àgbà, obìnrin tó jẹ́ olórí ọsibítù wa pátápátá, ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún mi. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kò sí ọṣẹ tó ń ṣẹ́kù lára aṣọ tí mo bá fọ̀. Aláìsàn kò gbọ́dọ̀ sùn lórí ọṣẹ, nítorí náà kì í ṣe oríyìn kékeré.

Lọ́dún tó kọjá, oògùn ibà kan wọlé. Páálí rẹ̀ dán, àkọlé rẹ̀ gún. Àwa nílé ìfọṣọ la kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan kò dára. Ẹni tí ibà bá ń ṣe, tó bá ti lo oògùn dé ọjọ́ kẹta, aṣọ ibùsùn rẹ̀ kì í tún rin fún òógùn mọ́. Ti àwọn wọ̀nyí di ọjọ́ keje, a ṣì ń fún òógùn lára rẹ̀ bíi pé òjò ló pa á. Mo pe ọmọ mi, mo fi hàn án. Lọ́jọ́ náà gan-an ló kó hóró mélòó kan ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ńlá tó wà lọ́nà jíjìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni èsì fi wà lọ́nà. Nígbà tó máa dé, ẹfun ló pọ̀ jù nínú hóró náà, àwọn èèyàn sì ti gbé e mì tán. Ìyá kan wà nínú wọn tó máa ń kí mi láti ojú fèrèsé. Èmi ni mo fọ aṣọ ibùsùn rẹ̀ ìkẹyìn, kò sì sí níbẹ̀ mọ́ láti kí mi.

 Lọ́jọ́ kẹta tí èsì dé, ọmọ mi wá bá mi nídìí tábìlì.

"Màmá, bí omi oògùn bá kán sórí aṣọ dúdú, tó gbẹ, ṣé bákan náà ni gbogbo rẹ̀ máa ń rí?"

"Báwo ló ṣe máa rí bákan náà? Ti ikọ́ máa ń ní etí dúdú. Ti inú rírun máa ń là wẹ́wẹ́ láàárín."

"Tí wọ́n bá wá fi ẹfun lú oògùn ńkọ́?"

"Àbàwọ́n rẹ̀ á yí padà. Ó pọn dandan."

Ó dúró, ó ń wò mí bó ṣe máa ń wo àbàwọ́n nígbà tó wà lọ́mọdé. Lẹ́yìn náà ó dì mọ́ mi, ó sì sáré padà sí ilé oògùn.

Ohun tó ṣe kò le láti ṣàlàyé. Á lọ hóró oògùn kan, á pò ó mọ́ omi tó mọ́, á fi ọ̀pá tín-ín-rín kan ẹ̀kán kan ṣoṣo sórí gíláàsì pẹlẹbẹ. Tí ẹ̀kán náà bá gbẹ, á ya àwòrán rẹ̀, á sì gbé àwòrán náà fún kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà yìí ti wo àwòrán bí ẹgbàajì, ti oògùn tòótọ́ àti ti èyí tí wọ́n lú. Ìdáhùn mẹ́ta ló ní: "Ojúlówó," "Ayédèrú," tàbí "N kò mọ èyí." Láàárín ogójì ìṣẹ́jú, iṣẹ́ ti parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà di ogójì ìṣẹ́jú, ẹ gbọ́ ná.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà tí kò gbọ́. Ọ̀gá àwọn apòògùn ni, bàbá kan tí awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Awò. Èèyàn dáadáa ni, kò kàn lè gba nǹkan tí kò bá tọ́ wò fúnra rẹ̀. Ó ní, "Atọpinpin, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Mo ti rí oríṣiríṣi ẹ̀rọ, wọ́n ti di àkísà lójú mi."

Dókítà Àgbà ló parí ẹjọ́. Ó ní kí wọ́n dán ẹ̀rọ náà wò lójú gbogbo èèyàn. Bàbá Awò á po ife mẹ́fà, òun nìkan á mọ ohun tó wà nínú ìkọ̀ọ̀kan, á kọ ọ́ sínú àpòòwé, á sì lẹ̀ ẹ́ pa. Tí ẹ̀rọ bá yege, wọn á gbé e lọ sí àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké mọ́kànlá tó wà lábẹ́ wa, wọn kò sì ní ṣí páálí oògùn kan mọ́ láìjẹ́ pé ẹ̀kán rẹ̀ ti gbẹ. Tí kò bá yege, kí ọmọ mi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ká padà sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wa.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò ni mo fọwọ́ ara mi ṣe ohun tí mo ṣe. Mo gbé aṣọ iṣẹ́ ọmọ mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ lọ fún un, mi ò bá a níbẹ̀. Ọgọ́ta gíláàsì ló rẹ sínú omi lásán nínú bàsíà kan. Mo wò ó, ara mi kò gbà á. Àwọn ọ̀gá ń bọ̀ lọ́la, omi lásán ni ọmọ yìí sì fi ń fọ ohun tí wọ́n máa wò? Mo gbé bàsíà náà, ó di ilé ìfọṣọ.

Mo fọ gíláàsì wọ̀nyẹn bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo ṣan wọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì wá fún wọn ní omi ìkẹyìn. Omi ìkẹyìn ni àṣírí iṣẹ́ wa. Omi tó nípọn díẹ̀ kan wà tí a máa ń dà sínú omi tí a fi ń parí aṣọ, òun ló ń mú aṣọ rọ̀, tó ń mú un ta sánsán. A kì í ṣan án kúrò. Bí o bá ṣan án kúrò, kí lo wá fi í sí fún? Ní tèmi, omi ìkẹyìn kì í ṣe ọṣẹ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀.

Mo nu gíláàsì mi gbẹ, mo tò wọ́n sórí tírè, wọ́n ń dán. Nígbà tí ọmọ mi dé, ó rí wọn, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣeun, Màmá. Omi lásán lẹ fi ṣan wọ́n kẹ́yìn, àbí?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo máa wá kọ́ mi ní nǹkan fífọ̀?"

Ó tún rẹ́rìn-ín, ó sì gbàgbọ́. Èmi ìyá rẹ̀ ni, kí ló fẹ́ ṣe tí kò fi ní gbàgbọ́?

Lọ́jọ́ kejì, yàrá ìpàdé kún. Àwọn olórí ilé ìwòsàn mọ́kọ̀ọ̀kànlá wá, Dókítà Àgbà jókòó láàárín, àpòòwé wà nínú àpò rẹ̀. Wọ́n ti fèrèsé kí atẹ́gùn má dààmú ẹ̀kán. Wọ́n fún mi ní àga kan lẹ́yìn, nítosí ilẹ̀kùn. Aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, eṣinṣin kò lè bà á kó má yọ̀.

Ọmọ mi ṣiṣẹ́ láìkánjú. Ó kan ẹ̀kán látinú ife kọ̀ọ̀kan, a dúró kí wọ́n gbẹ, ó ya wọ́n. Wọ́n gbé àwòrán náà sára ògiri funfun, ó tóbi tó ilẹ̀kùn. Ife kìíní. Kọ̀ǹpútà ní, "N kò mọ èyí." Ife kejì. "N kò mọ èyí." Ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Títí dé ẹ̀kẹfà, ìdáhùn kan náà ni.

Bàbá Awò kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn ló tilẹ̀ dùn mí jù. Ó rọra sọ pé, "Mo fi ojúlówó sí i o, Atọpinpin. Mo fi í sínú ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tó bá bá gbogbo ará ilé wí, kò bá ẹnikẹ́ni wí."

 Mo rí i tí ọwọ́ ọmọ mi ń wá etí tábìlì.

Mo wá gbójú sókè wo ògiri. Ọmọ mi ti fi ojúlówó hàn mí rí, mo mọ̀ ọ́n dáadáa: òrùka tín-ín-rín létí, ìlà wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ. Èyí tó wà lára ògiri kò jọ ọ́. Ó kéré, ó kó ara jọ, òrùka méjì wọnú ara wọn, nǹkan funfun kan sì di kókó sáàárín. Mo sì mọ ojú yẹn. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i lára épírọ́ọ̀nù dúdú mi, níbi tí omi ìkẹyìn bá ti ta sí mi tó sì gbẹ.

 Tírè gíláàsì tó ṣẹ́kù wà nítosí mi, mo gbé ìkan sí imú. Òórùn òdòdó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ọmọ mi. Férémù aláwọ̀ wúrà ni. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé bí mo bá dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo tún wo ọmọ mi, mo rí ọwọ́ rẹ̀ lórí tábìlì yẹn, mo sì rántí ìyá tó máa ń kí mi lójú fèrèsé. Mo dìde.

"Dókítà, ẹ dárí jì mí. Ẹ̀rọ yẹn kò parọ́. Èmi ni mo parọ́."

Gbogbo orí yí sẹ́yìn.

"Èmi ni mo fọ gíláàsì wọ̀nyẹn lánàá. Mo fún wọn ní omi ìkẹyìn bí mo ṣe ń fún aṣọ. Ọmọ mi bi mí, mi ò dá a lóhùn dáadáa. Ohun tó wà lára ògiri yẹn, ọṣẹ mi ni."

Bàbá Awò mi orí. "Ìyá Atọpinpin, ó yé wa. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá ń gbé. Ìyá tó dáa ni yín. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó," ni mo wí. "Ẹ ti mọ̀ mí tipẹ́, Bàbá. Ṣé èmi ni mo máa fẹnu ara mi sọ pé ọṣẹ kù lára nǹkan tí mo fọ̀, bí kò bá jẹ́ òótọ́?"

 Gbogbo ọsibítù ló mọ ẹnu mi lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Dókítà Àgbà tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀, ó ní, "Màmá, báwo la ṣe máa mọ̀?"

"Ṣé páálí gíláàsì tí wọn kò tíì ṣí wà? Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi mú mẹ́ta níbẹ̀. Kó fi ìkan sílẹ̀ bó ṣe wà. Kó fọ ìkan bí òun ṣe máa ń fọ̀ ọ́. Èmi á ti ìkan bọ omi ìkẹyìn. Kí Bàbá fúnra rẹ̀ kan ojúlówó sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Wọ́n lọ bu omi ìkẹyìn wá nílé ìfọṣọ. Bàbá Awò kan ẹ̀kán. A tún dúró. Ogójì ìṣẹ́jú kò tíì gùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ọmọ mi kò wo ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí àwòrán jáde, gíláàsì àkọ́kọ́: "Ojúlówó." Èkejì: "Ojúlówó." Ẹ̀kẹta, òrùka méjì, kókó funfun láàárín: "N kò mọ èyí." Ìyẹ́ adìyẹ wà lára méjì, ojú mi wà lára ìkẹta.

"Ẹ tún ife mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣe," ni Dókítà Àgbà wí.

Ọmọ mi mú gíláàsì tuntun. Lọ́tẹ̀ yìí, ife kìíní jẹ́ ojúlówó. Ìkejì, ayédèrú. Ìkẹta, ojúlówó. Ìkarùn-ún, ayédèrú, ìkẹfà, ojúlówó. Ìkẹrin nìkan ni kọ̀ǹpútà tún ní òun kò mọ̀.  Ṣùgbọ́n ọmọ mi na ẹ̀yìn, ó kọjú sí Bàbá Awò.

"Ẹ̀yin ọ̀gá, ohun tó wà nínú ife kẹrin, kì í ṣe oògùn yìí, kì í sì ṣe pé wọ́n lù ú. Nǹkan mìíràn pátápátá ni."

Dókítà Àgbà fa àpòòwé ya. Ó fojú kà á, ó tún un kà, ó wá kà á sókè. Gbogbo rẹ̀ bá ara mu. Ṣúgà ni ife kẹrin.

Bàbá Awò bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ojú á tì í láti sọ pé òun kò mọ̀ ni mo ṣe fi ṣúgà sí i," ni ó wí. "Gbogbo ẹ̀rọ tí mo ti rí, mo-mọ̀-ọ́n-tán ni wọ́n. Èyí tó lè sọ pé òun kò mọ̀, mo bọ̀wọ̀ fún un." Ó wo ẹ̀yìn, ó wò mí. "Àti ìyá tó bí i."

Orí mi wú débi pé n kò mọ ibi tí mo fi ẹsẹ̀ sí nígbà tí mo jáde.

Ìdí okùn aṣọ ni ọmọ mi ti bá mi. Mò ń díbọ́n pé mò ń ká aṣọ, aṣọ tútù ni mò ń ká.

"Màmá, ẹ̀ bá ti dákẹ́ o. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Mo ti dákẹ́ lánàá, nígbà tí o bi mí. Ṣé kò tó?"

Ó bú sẹ́kún, ó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn. Mo fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀. Mo ní, "Ìwọ gbọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, dókítà ń wò, nọ́ọ̀sì ń wò, àwọn tó fún mi ní ìwé ẹ̀rí wò títí. Kò sẹ́ni tó rí ọṣẹ mi rí. Èmi fúnra mi kò rí i. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo ni ọmọ mi fi mú mi." Mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi: "Inú mi ò dùn tó báyìí rí."

Ẹ̀rọ náà ti wà nílé ìwòsàn mọ́kọ̀ọ̀kànlá báyìí. Ọmọ mi ti fi ìdáhùn kẹrin kún un. Ó ní kí n bá òun bọ igba gíláàsì sínú omi ìkẹyìn, ó ya gbogbo wọn, ó fi kọ́ kọ̀ǹpútà. Níbikíbi tí ẹnìkan kò bá ti ṣan gíláàsì rẹ̀ dáadáa, ẹ̀rọ kò ní sọ pé òun kò mọ̀ mọ́. Á ní, "Ẹ tún gíláàsì fọ̀." Èmi ni mò ń sọ bẹ́ẹ̀ níbi mọ́kànlá lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìwé ẹ̀rí mi ńkọ́? Mo gbé e padà fún Dókítà Àgbà, ó ní òun kò gbà á. Mo yọ ọ́ kúrò nínú férémù, mo tọ́jú rẹ̀ sínú dúróà. A kò sì lo omi ìkẹyìn fún aṣọ àwọn aláìsàn mọ́. Aṣọ wọn kò rọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ wọn kò sùn lórí ọṣẹ. Nínú férémù aláwọ̀ wúrà náà, mo gbé àwòrán kan tí ọmọ mi tẹ̀ fún mi sí i: òrùka méjì, kókó funfun láàárín.

Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló máa ń dúró wò ó. Wọn á bi mí pé àwòrán kí ni.

"Àwòrán mi ni," ni mo máa ń dá wọn lóhùn. "Ọmọ mi ló yà á."